Ọkọ̀ Onídìí Ọsàn

Ọkọ̀ tuntun náà dojú bolẹ̀ lórí àgbá mẹ́rin létí omi lẹ́yìn Ketu, ó na ìdí sókè bí ọmọ tí nọ́ọ̀sì fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Bartholomew pẹ́ńtà yí i po, ó fi ìka lu pákó ẹ̀, ó gbé etí sún mọ́ ọn bí ẹni ń gbọ́ àṣírí, ó wá yíjú sí ẹni tó ni ín.

"Ọ̀gá Ládé, àwọ̀ wo?"

"Dúdú," ni Ládé wí.

"Ọsàn," ni Kúnbi ìyàwó ẹ̀ wí lẹ́yìn ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjèèjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n forí gbárí lójú Bartholomew. Ara àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó tòmátì wá sí Mile 12 ni Bartholomew ti kọ́ṣẹ́. Ó ti kun kìnnìún, ó ti kun idì, ó ti kun ẹṣin tó ní ìyẹ́ fún awakọ̀ kan tó ní òun lá a lójú oorun. Ṣùgbọ́n kò tíì rí ọkọ̀ tí ìdí ẹ̀ ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya. Ó fi ìdí tiẹ̀ lé orí garawa ọ̀dà.

"Ẹ parí ẹ̀," ló wí. "Àyè wà."

Àyè dà? Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Bàbá Ọláìyá ń bọ̀.

Ní èbúté yẹn, ọkọ̀ tuntun kì í gbé èrò kan ṣoṣo títí Bàbá Ọláìyá yóò fi wọ̀ ọ́. Òun ló dàgbà jù nínú gbogbo atukọ̀ Àgbóyì, àwọn tó sì ń pàṣẹ létí omi báyìí, òun ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń di àjẹ̀ mú. Wọ́n ní ọkọ̀ kì í gba àdúrà lófìfo. Ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ mọ òfìfo, òfìfo ni yóò máa fà mọ́ra. Nítorí náà, ẹbí àti ọ̀rẹ́ olówó ọkọ̀ yóò ti jókòó sínú ẹ̀ lójú omi kí Bàbá tó dé. Bàbá ni yóò wọlé kẹ́yìn. Yóò jókòó síwájú, yóò bu omi, yóò wọ́n ọn sí imú ọkọ̀, yóò sì ní, "Ojú oró ní í lékè omi!" Mùsùlùmí á ṣe àmín, ẹlẹ́ṣọ̀ọ́ṣì á ṣe àmín, ọkọ̀ á gbé Bàbá lọ sílé ẹ̀ ní òdìkejì. Ó parí. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni lè wọ̀ ọ́.

Bí Bàbá bá sì kọ̀? Ẹ bi Mutolib. Mutolib kun ìdí ọkọ̀ tiẹ̀ ní yẹ́lò. Bàbá wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó kẹ́yìn sí i, ó lọ. Adìyẹ ló ń yé sínú ọkọ̀ Mutolib títí di òní.

"Ọkọ̀ tó dúró dáadáa, ta ní í rí ìdí ẹ̀?" Bàbá máa ń wí. "Ẹni tó bá kun ìdí ọkọ̀ kí wọ́n lè rí i, ó ti ń bẹ odò pé kó dojú òun dé." Gbogbo èbúté gbà bẹ́ẹ̀. Dúdú ni wọ́n ń kun ìdí ọkọ̀ wọn látòkèdélẹ̀, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kùn ún.

Ìyẹn ni ti Bàbá. Ti Kúnbi ńkọ́?

Odò yìí kan náà ni bàbá Kúnbi kú sí. Ọkọ̀ ẹ̀ onídìí dúdú dojú dé láàárín ojúoró, bàbá náà di ìdí ọkọ̀ mú, ó ń dúró kí wọ́n wá gbé òun. Wọ́n wá a lóòótọ́. Ọkọ̀ méjì gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. Àwọn tó wà nínú wọn rí ìdí dúdú náà láàárín ewé, wọ́n ṣe bí igi tó wó sódò ni, wọ́n ń bá ọ̀nà wọn lọ, wọ́n ń pariwo orúkọ ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n máa fi padà, igi náà nìkan ló kù.

Kúnbi kì í pariwo, ìyẹn gan-an ló ń ba Ládé lẹ́rù. Aya tó ń pariwo, èèyàn á mọ ibi tí yóò sá gbà. Ohùn tí èèyàn fi ń ra iyọ̀ ni Kúnbi fi sọ fún un pé, "Ládé, bí o bá fi ìdí dúdú wọ odò, màá padà sọ́dọ̀ màmá mi ní Ikosi. Mi ò bínú o. Mi ò kàn níí jókòó sílé máa retí ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè rí."

Ẹ wá wo ìdààmú. Ó kun ún dúdú, ìyàwó lọ. Ó kun ún ní ọsàn, èrò lọ, adìyẹ dé.

Ládé rìn lọ síbi omi, ó rìn padà. Ojú ẹ̀ wá là gbòò.

"Bartholomew, ibo ni ìdí ọkọ̀ máa ń wà?"

"Abẹ́ omi, ọ̀gá."

"Ṣé Bàbá lè rí abẹ́ omi?"

"Rárá o. Àfi tí ọkọ̀ bá…"

"Pa ẹnu ẹ dé!" Ládé ta ìka lé orí, ó tutọ́ sílẹ̀. "Gbọ́. Níbi tí omi máa dé lára ọkọ̀ tí èrò bá wà níbẹ̀, fa ìlà síbẹ̀ yí i ká. Lókè ìlà, dúdú. Nísàlẹ̀ ìlà, ọsàn. Omi á bo ọsàn, dúdú nìkan ni Bàbá máa rí. Ìyàwó mi á sùn, Bàbá á gbàdúrà."

"Ọ̀gá," Bartholomew wí, ó bọ́ fìlà, "ibi tó yẹ kẹ́ ẹ wà kọ́ rèé. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni."

Ládé sọ fún Kúnbi. Kúnbi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kò burú. Ó gbà kíákíá. Ọkọ tó bá gbọ́n ì bá ti fura níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú Ládé ń dùn jù.

Ó gba ilé Bàbá lọ lọ́jọ́ kejì láti rán an létí Sátidé. Bàbá ń jẹ ẹ̀pà. Kò gbójú sókè.

"Ìdí ńkọ́?"

"Dúdú ni, sà."

"Dúdú bí tèmi?"

"Ó dúdú jù ú lọ, sà."

Irọ́ tó fi kún un yẹn, kò sẹ́ni tó bi í. Ó kúrò níbẹ̀, ó wọkọ̀ lọ sí Owódé Onírin láti wá abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì tó máa ń yí lábẹ́ omi, ó sì fi Bartholomew àti Kúnbi sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà méjì àti okùn tí wọ́n fi ń fa ìlà. Ìgbà tó padà, wọ́n ti dá ọkọ̀ dúró, òkè ẹ̀ dúdú ń dán, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ń ta yòò bí iná. Ó rẹwà. Lórí ilẹ̀, ta ni yóò mọ ibi tí omi máa dé? Ládé lu Bartholomew lẹ́yìn, ó lọ sùn.

Sátidé, wọ́n ti ọkọ̀ sómi. Ó léfòó, ó fúyẹ́ bí ike, ọsàn gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan. Ládé kò mì. Èèyàn ló máa rì í wálẹ̀. Ẹbí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé: àbúrò màmá ẹ̀ àti ọkọ ẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ láti Mende, Kúnbi láàárín wọn tó wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì lé aṣọ àríyá. Bí wọ́n ṣe ń jókòó, ọsàn ń wálẹ̀. Ó ń wálẹ̀, ó ń wálẹ̀… ó dúró.

Ìbú ọwọ́ kan ṣẹ́kù. Gbogbo àga ti kún, ọsàn ṣì ń wo Ládé lójú kòrókòró, láti imú ọkọ̀ títí dé ìdí ẹ́ńjìnnì.

"Bartholomew!"

Bartholomew ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń retí òjò.

"Bartholomew, ibo lo fa ìlà yìí sí?"

"Ọ̀gá, ìlà yẹn tọ́. Ẹ wò ó bó ṣe gún."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ó gún! Kí ló gbé e sókè?"

"Èmi ni," Kúnbi wí láti inú ọkọ̀. "Èmi ni mo ní kó gbé e ga ní ìbú ọwọ́ kan. Bí ọsàn bá ń hàn, ọkọ̀ ò tíì wúwo jù. Bí ọsàn bá wọmi, ẹnì kan ní láti sọ̀kalẹ̀. Ìlà tó bá fara pamọ́, ta ló fẹ́ kìlọ̀ fún?"

Ládé la ẹnu. Kí ọ̀rọ̀ tó jáde, ẹnì kan ké láti òkè pé, "Bàbá ti ń bọ̀ o!"

Lóòótọ́, agbòòrùn pupa Bàbá Ọláìyá ti yọ lórí ọ̀nà tó sọ̀kalẹ̀ wá sétí omi, ó ń mì díẹ̀díẹ̀, kò kánjú. Bàbá kì í kánjú. Gbogbo ẹni tó bá pàdé ló máa ń kí tìyàwó tọmọ.

Orí Ládé fò lọ. "Ẹ wọlé!" ló pariwo sí àwọn tó dúró máa wòran. "Ẹ̀yin ará, ẹ wọlé, ọ̀fẹ́ ni! Mummy Sàká, ẹ bọ́ síbí!"

Mummy Sàká, tó ń ta ata ṣọ̀ǹbọ̀ ní Mile 12, kò tíì gbọ́ ọ̀fẹ́ kó má dáhùn rí. Ó wọlé pẹ̀lú àpò méjì. Alábàárù mẹ́ta tẹ̀ lé e. Ọsàn wálẹ̀, ó ku ìbú àtàǹpàkò. "Ẹ tún wọlé!" Obìnrin kan wọlé pẹ̀lú agbada ìdáná. Ó ku bí okùn. Agbòòrùn ti dé ìdí igi àgbọn, Bàbá dúró ń kí ìyá kan tó ń sá ẹ̀fọ́. "Ẹ sún mọ́ra! Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín sókè! Bọ̀ọ̀dá, ẹ wọlé, ẹ wọlé!"

Ọsàn wọmi. Ládé rẹ́rìn-ín bí ẹni tó borí.

"Ládé," Mummy Sàká wí jẹ́jẹ́, "omi ti ń lá ìgbọ̀nwọ́ mi o."

Ọkọ̀ náà dákẹ́ lójú omi lọ́nà tí ọkọ̀ kì í fi dákẹ́. Kò mì mọ́. Kò léfòó mọ́. Ó kàn wà níbẹ̀ bí abọ́ tí wọ́n bu ọbẹ̀ kún títí dé etí, tó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá sín, ó dànù. Ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ìyá ẹ̀ fẹ́ yí padà gbé e, Ládé sì rí i tí etí ọkọ̀ tẹ̀ sí apá ibẹ̀, tí omi kékeré kan ré wọlé, tó ń yọ́ lọ sábẹ́ àga.

"Kí ẹnikẹ́ni má mira!"

Ó wo Kúnbi. Kúnbi ń tú okùn jákẹ́ẹ̀tì ara ẹ̀, ó fẹ́ bọ́ ọ wọ ọmọ tó ń sunkún.

Ọ̀rọ̀ wá yé Ládé. Ọ̀dà tó kùn nítorí kí èèyàn má bàa kú, òun ló fi ń kó èèyàn sómi yìí, láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí ojú bàbá kan.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀," ló wí. "Ẹni tó wọlé kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Ẹ rọra. Ìyá alágbada, ẹ̀yin. Bọ̀ọ̀dá. Ẹ̀yin alábàárù, lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́kọ̀ọ̀kan! Mummy Sàká, ẹ dúró, ṣùgbọ́n ẹ ju àpò yẹn sókè."

Ọsàn yọjú padà. Bí okùn. Bí àtàǹpàkò. Ìbú ọwọ́ kan, ó ń dán nínú oòrùn. Nígbà tí Ládé gbójú sókè, Bàbá Ọláìyá ti dúró lórí pákó èbúté, ó ti pa agbòòrùn dé.

Bartholomew fi garawa bo ojú.

"Ládé."

"Sà."

"Kí nìyí?"

"Ìlà ni, sà."

"Mo rí i pé ìlà ni. Kí ló wà lábẹ́ ìlà?"

"Ọsàn ni, sà."

"O sọ fún mi pé ó dúdú ju tèmi lọ."

"Irọ́ ni mo pa, sà."

Bàbá wo ọsàn láti imú ọkọ̀ dé ìdí. Ó wo Kúnbi, ojú ẹ̀ sì dúró lára Kúnbi fún ìgbà díẹ̀, nítorí ó mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Ó yí padà. Ládé ti ń gbọ́ ohùn adìyẹ lọ́kàn ẹ̀. Àṣé Bàbá kò lọ, agbòòrùn ló yí padà gbé fún ẹnì kan pé kó bá òun dì í mú. Ó ká ṣòkòtò sókè. Ó wọ inú ọkọ̀.

Bàbá Ọláìyá kì í ṣe èèyàn kékeré o. Bó bá wọ mọ́ṣáláṣí, ẹni méjì ló ń sún fún un. Ó jókòó síwájú, gbogbo ọkọ̀ sì tẹrí ba fún un bí ìyàwó tuntun. Omi gun ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wá sókè. Ọsàn rì. Kò ku bí okùn pàápàá.

Bàbá na ọrùn síta, ó wo ẹ̀gbẹ́, inú ẹ̀ sì yọ́.

"Ó ti wọlé," ló wí. "Ẹ rí i? Ìdí mọ ibi tó yẹ kó wà. Ládé, mo dárí irọ́ jì ọ́. Ọmọdé ni ọ́. Ohun tí ojú ò rí, odò ò gbọ́. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

Ariwo ayọ̀ sọ létí omi! Mummy Sàká ta ìjó ìjókòó. Bartholomew yọjú lẹ́yìn garawa, ó ti ń sọ fún àwọn alábàárù pé òun ló kùn ún. Bàbá ti ki ọwọ́ bọ omi. Ó ku ìpè kan, Ládé di ẹni tó ní ọkọ̀.

Ládé ń wo etí ọkọ̀. Omi kò jìnnà sí i. Àárín odò ṣì ń bẹ níwájú, níbi tí àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń kó yanrìn ti ń tú ìgbì ká, níbi tí ojúoró ti ń gba ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ dúró díẹ̀, sà." Ó tọ́ka sí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. "Ẹ̀yin ará Mende, ẹ bá mi sọ̀kalẹ̀."

"Kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ ṣe kí ni?" Ọwọ́ Bàbá ṣì wà nínú omi. "Bí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀, ṣé nǹkan yẹn ò ní yọjú padà?"

"Yóò yọjú, sà. Ó yẹ kó yọjú ni. Bí kò bá hàn, ọkọ̀ ti wúwo jù."

"Gbọ́ mi dáadáa, Ládé. Bó bá yọjú, èmi ò gbàdúrà. Jẹ́ kí wọ́n jókòó."

Gbogbo ojú bọ́ sára Ládé. Ọ̀kan nínú àwọn ará Mende ti dìde ààbọ̀, kò mọ̀ bóyá kóun jókòó tàbí kóun sọ̀kalẹ̀. Mummy Sàká fi ẹnu ṣe é sí Ládé pé, "Dọ̀bálẹ̀! Dọ̀bálẹ̀!" Ibo ni yóò dọ̀bálẹ̀ sí? Inú ọkọ̀ kún.

Kúnbi sì dìde. Ó ká ìró mọ́dìí.

"Ibo lò ń lọ?" Ládé bi í.

"Ikosi," Kúnbi wí. Ohùn iyọ̀ yẹn náà ni.

Nígbà tí Ládé sọ̀rọ̀, kò pariwo. Àwọn tó wà lókè kò tilẹ̀ gbọ́, ẹnì kan ní láti tún un sọ fún wọn, tí wọn kò gbà á gbọ́.

"Jókòó, Kúnbi. Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin lẹ wọlé kẹ́yìn. Ẹ sọ̀kalẹ̀, sà."

Bartholomew padà sẹ́yìn garawa.

Bàbá Ọláìyá yọ ọwọ́ nínú omi. Ó wo Ládé. Ó wo ọwọ́ ara ẹ̀ tí omi ń kán lára ẹ̀. Ó dìde, ọkọ̀ tẹ̀ sọ́tùn-ún, gbogbo èrò di àga mú, omi mìíràn tún ré wọlé. Ládé di apá Bàbá mú, ẹsẹ̀ Bàbá wá pákó, ó rí i, ó gòkè. Ọkọ̀ fò sókè bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀, ọsàn sì yọ síta gbalaja.

Bàbá dúró lórí pákó, ó kẹ́yìn sí wọn. Ládé ń dúró de èpè.

"Ta ni yóò wá gbé mi lọ sílé?" Bàbá bèèrè.

"Èmi ni, sà. Bí mo bá ti gbé àwọn wọ̀nyí débẹ̀, màá padà wá gbé yín."

"O máa padà?"

"Màá padà, sà."

Bàbá yí padà, ó gbọn omi ọwọ́ ẹ̀ nù. Ẹ̀kán mélòó kan bà lé imú ọkọ̀.

"Àmín!" Mummy Sàká pariwo.

"Ta ní ń ṣe àmín?" Bàbá jágbe. "Ọwọ́ mi ni mò ń gbọ̀n! Lọ, Ládé. Lọ kí o padà wá."

Ládé fa okùn ẹ́ńjìnnì. Wọ́n lọ. Wọ́n la àárín odò kọjá, níbi tí ìgbì ọkọ̀ yanrìn kan ti gbá wọn, tí ọkọ̀ gbéra, tó tún balẹ̀, tí kò gba omi kankan. Àwọn èrò sọ̀ sí Àgbóyì. Kúnbi nìkan ló kù nínú ọkọ̀. Ó wá jókòó sítòsí ẹ́ńjìnnì, ó fi ẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ ọkọ ẹ̀, wọ́n sì yí padà sí Ketu. Ládé kò sá eré. Ẹ̀rù Bàbá ló ń bà á. Ojúoró ti dí ọ̀nà, ó rọra ń là á kọjá.

Nígbà tí wọ́n sún mọ́ èbúté, ó rí Bàbá tó jókòó sórí garawa Bartholomew lábẹ́ agbòòrùn pupa. Èèyàn pọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ láti ọjà pẹ̀lú ẹrù wọn. Ọkọ̀ méjì onídìí dúdú ti wà níbẹ̀ tó ń pe èrò. Wọn kò tíì dá wọn lóhùn. Ojú Bàbá ni wọ́n ń wò.

Bàbá ń wo odò. Kò yẹ ojú.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," Ládé wí, ó ń so okùn mọ́ òpó. "Ó pẹ́ díẹ̀."

"Ó pẹ́ kẹ̀!" Bàbá dìde, ó sì na apá kó lè dì í mú wọlé. "Láti ìgbà tí o ti yọ ní kọ̀rọ̀ ojúoró ọ̀hún ni mo ti ń rí ọsàn ẹ. Kí ló ń ṣe ẹ́ tí o ń fà bí ìgbín? Sún, ìyàwó, jẹ́ kí n jókòó."